Àlọ àti àbọ̀ àwọn adìmú sẹ́ẹ̀lì: ìdí tí ìgbémì àti àtúnlò kò fi bá a mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, mo kí yín láti Òṣogbo. Ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́rin ni arákùnrin wa tí ó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn gbé síwájú wa lọ́sẹ̀ tí ó kọjá fún ìwé sáyẹ́ǹsì tí a ń túmọ̀, èyí tí ó dá lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbé àwọn prótéènì tí ó fi ń di àyíká rẹ̀ mú wá sí ojú awọ rẹ̀, tí ó sì tún ń mú wọn kúrò níbẹ̀. Ó pe àwọn prótéènì náà ní olùgbà alẹ̀mọ́. Ó pe mímú tí sẹ́ẹ̀lì ń mú wọn wọ inú ní ìgbémì. Ó pe bí wọ́n ṣe ń padà sójú ní àtúnlò. Ó sì pe gbogbo ìrìn náà lápapọ̀ ní ìrìnnà. Màmá wa láti Abẹ́òkúta ti fọwọ́ sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ náà kúrú, wọ́n sì rọrùn láti pè. Òótọ́ ni pé wọ́n kúrú. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì kò ṣe, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kí n sì dábàá èyí tí a lè fi rọ́pò wọn.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ dáadáa. Ìdílé tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn prótéènì wọ̀nyí ni èyí tí Richard Hynes àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sọ ní integrin ní ọdún 1986. Integrin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìsopọ̀ ẹ̀ka méjì, álífà àti bẹ́tà, tí ó gún awọ sẹ́ẹ̀lì já: orí rẹ̀ wà lóde, ó ń di àwọn fọ́nrán tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká mú, ìrù rẹ̀ wà nínú, ó so kọ́ àwọn fọ́nrán tí ó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè dúró, kí ó sì lè rìn. Oríṣi álífà 18 àti oríṣi bẹ́tà 8 ni ó wà nínú ara ènìyàn, wọ́n sì so pọ̀ di oríṣi integrin 24. Èyí tí a ń pè ní α5β1 (α dúró fún álífà, β fún bẹ́tà) ń di fibronectin mú, ìyẹn prótéènì kan lára àwọn fọ́nrán tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká. αIIbβ3 kún ara àwọn amẹ́jẹ̀dì, ìyẹn àwọn ẹyọ wíńníwínní inú ẹ̀jẹ̀ tí ń dí ojú ọgbẹ́. Àwọn tí ó ní β2 sì wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí ń gbógun ti kòkòrò àrùn. Ní ọdún 2022, ẹ̀bùn Lasker ni a fi dá Hynes, Erkki Ruoslahti àti Timothy Springer lọ́lá nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìdílé yìí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí n kò fara mọ́ ni alẹ̀mọ́. Ohun tí ó bá ń lẹ̀ mọ́ nǹkan kì í ṣe ìyàn, kì í sì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun jọ̀wọ́. Níbi tí ó bá ti kan nǹkan ni ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Integrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè ká kò, kí orí rẹ̀ dojú kọ awọ sẹ́ẹ̀lì, ní ipò tí kò ti lè di ohunkóhun mú dáadáa. Ó sì lè nà gbọnrangandan, kí orí rẹ̀ là, kí ó wá di fibronectin mú gírígírí. Láti inú sẹ́ẹ̀lì ni àṣẹ yìí ti sábà máa ń wá, nígbà tí prótéènì tí ń jẹ́ talin bá gbá ìrù bẹ́tà mú. Láti ọdún 1984, nígbà tí Michael Pierschbacher àti Ruoslahti fi hàn pé ẹyọ ásíìdì amínò díẹ̀ péré, tí a ń kọ ní RGD, ni ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń di fibronectin mú, ni a ti mọ̀ pé ìdìmú yìí ní ibi tí ó ń wá, kì í ṣe pé ó ń lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ìṣe tí ó ní ìgbà dídì àti ìgbà jíjọ̀wọ́: dì mú. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá adìmú, ní ìlànà kan náà tí a fi ṣẹ̀dá amóhùnmáwòrán àti amúlétutù. Ẹnì kan kọ̀wé láti Èkó pé àwọn ará Èkó yóò rántí Èyọ̀ Adímú bí wọ́n bá gbọ́ ọ. N kò rí i pé èyí yóò di wàhálà, nítorí pé inú gbólóhùn tí ń sọ nípa sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wa yóò máa wà, a ó sì máa kọ ọ́ ní adìmú sẹ́ẹ̀lì níbi tí ó bá ti kọ́kọ́ yọjú.

Ní ti olùgbà, ó dára fún prótéènì tí ń gba iṣẹ́ tí ínsúlínì wá jẹ́. Ṣùgbọ́n integrin ń gba iṣẹ́, ó sì tún ń jẹ́ iṣẹ́: bí ó bá di àyíká mú, ìròyìn rẹ̀ ń dé inú sẹ́ẹ̀lì, bí inú sẹ́ẹ̀lì bá sì pàṣẹ, ìdìmú rẹ̀ lóde yóò le sí i tàbí kí ó dẹ̀. Bí a bá pè é ní olùgbà, ìdajì ìṣe rẹ̀ ni a sọ. Adìmú kò gbè sí apá kankan, ó sì gba àwọn ìdílé yòókù tí ìwé náà mẹ́nu bà, bí àwọn cadherin tí ń di sẹ́ẹ̀lì kan mú mọ́ èkejì, àti àwọn selectin tí ń di sẹ́ẹ̀lì funfun mú díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń yí lọ lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí jù ni ìgbémì. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè níhìn-ín, mo ka ìpínrọ̀ tí arákùnrin wa kọ sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kíláàsì tí ó kẹ́yìn, n kò sì fi àlàyé kankan kún un. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí sẹ́ẹ̀lì bá ti gbé e mì, báwo ni ó ṣe tún ń padà sójú? Ṣé ó ń bì í ni?" Ẹni tí ó jókòó tì í dáhùn pé ohun tí a bá ti gbé mì ti di oúnjẹ, kò tún lè padà. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá dáadáa, ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ fún wọn ni wọ́n dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, bí nǹkan bí wákàtí 12 sí 24 bá kọjá, ìdajì àwọn integrin tí ó wà lójú sẹ́ẹ̀lì ni ó ṣì wà níbẹ̀ tí a kò tíì pa run. Ṣùgbọ́n ìwọlé àti ìpadà sójú kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ìyẹn ni pé ẹyọ adìmú kan lè wọlé, kí ó sì tún jáde, lọ́pọ̀ ìgbà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àbọ̀ kò lè jẹ́ orúkọ fún àlọ rẹ̀.

Ìtàn orúkọ náà láàárín àwọn onímọ̀ gan-an gbè wá lẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1880, Élie Metchnikoff rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé kòkòrò àrùn àti ohun àjèjì mì, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí jíjẹ ni a sì fi sọ wọ́n lórúkọ. Ní ọdún 1931, Warren Lewis rí sẹ́ẹ̀lì tí ń bu omi àyíká rẹ̀ wọ inú ara rẹ̀, ó sì lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí mímu. Nígbà tí ó wá di ọdún 1963, tí Christian de Duve ń wá orúkọ gbogboogbò tí yóò kó àwọn méjèèjì àti irú wọn pọ̀, kò lo jíjẹ, kò sì lo mímu. Ìwọ inú sẹ́ẹ̀lì lásán ni endocytosis tí ó ṣẹ̀dá túmọ̀ sí. Àwọn tí ó ṣáájú wa ti rí i pé ìwọlé gbòòrò ju oúnjẹ lọ. Èmi kò ní kí á ju ìgbémì nù. Kí á fi í pamọ́ fún ohun tí Metchnikoff rí, níbi tí sẹ́ẹ̀lì funfun ti gbé kòkòrò àrùn mì lódidi tí ó sì pa á jẹ; ibẹ̀ ni ó ti bá ojú ilé rẹ̀ mu.

Kí ni kí á wá pe ìwọlé àwọn adìmú? Ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ ti dábàá: ìgbéwọlé àti ìfàwọlé. Ìfàwọlé kò burú, àmọ́ ó mú kí a máa rò pé ohun tí a ń fà ń ya agídí. Ní ti ìgbéwọlé, gírámà wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ní àpótí kan yóò gbé e wọlé. Ẹni tí ó ní ẹrù púpọ̀ yóò kó wọn wọlé. Ọmọdé pàápàá kì í pààrọ̀ méjèèjì. Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, prótéènì tí Barbara Pearse sọ ní clathrin ní ọdún 1976 yóò hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n sí ẹ̀yìn awọ náà títí awọ yóò fi jìn wọnú. Àwọn prótéènì alárinà, bí Dab2 àti Numb, yóò so ìrù bẹ́tà mọ́ inú kòtò náà. Rab21, ọ̀kan nínú ìdílé prótéènì Rab tí ń darí ìrìn àwọn àpò inú sẹ́ẹ̀lì, yóò gbá ìrù álífà mú. Lẹ́yìn èyí, dynamin yóò fún ọrùn kòtò náà pọ̀ títí yóò fi já kúrò, tí yóò sì di àpò kékeré nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò lo clathrin rárá, bí àwọn kòtò róbótó tí a ń pè ní caveolae. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí ó ń mú ẹyọ adìmú kan ṣoṣo: awọ wọlé, omi àyíká wọlé, oríṣiríṣi prótéènì wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkó ni, kì í ṣe gbígbé. Nítorí náà mo dábàá ìkówọlé fún ìṣe sẹ́ẹ̀lì. Bí gbólóhùn bá sì dá lórí adìmú kan, a lè sọ pé ó wọlé, a kò nílò ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bí a bá gba ìkówọlé, ìkójáde tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ohun kan tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó rárá. Ìkómọjáde ni a ń pe ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ tuntun jáde sójú ayé. Adìmú tuntun náà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ni a ti ṣe álífà lọ́tọ̀ àti bẹ́tà lọ́tọ̀. Bí wọn kò bá tíì so pọ̀, a kì í jẹ́ kí wọ́n kúrò níbi tí a ti ṣe wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ṣe β1 ju iye tí àwọn álífà lè bá so pọ̀ lọ, èyí tí kò bá sì rí ẹnìkejì ni a ń tú palẹ̀ láìjẹ́ pé ó rí ojú sẹ́ẹ̀lì rí. Àwọn tí ó bá so pọ̀ ni ó ń jáde. Mo bẹ̀ yín, kí á fi ìkójáde sílẹ̀ fún ìjáde àkọ́kọ́ yìí nìkan. Bí a bá lò ó fún gbogbo ìjáde, òǹkàwé kò ní mọ ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ nípa adìmú tuntun àti ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ nípa èyí tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ìwé náà dá lé lórí.

Àtúnlò ni ọ̀rọ̀ kẹta. Ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá gbọ́ àtúnlò, ike omi àti irin àlòkù ni yóò wá sí i lọ́kàn: ohun tí ẹnì kan ti lò tán, tí ó jù nù, tí ẹlòmíràn ṣà, tí a yọ́, tí a sì fi ṣe nǹkan tuntun. Kò sí ọ̀kankan nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí tí integrin ń là kọjá. A kò lò ó tán, a kò jù ú nù, a kò sì yọ́ ọ. Òun náà, pẹ̀lú álífà rẹ̀ àti bẹ́tà rẹ̀, ni ó wọlé. Òun náà ni ó tún yọ sójú. Ìdápadà ni mo dábàá. Ìpadàbọ̀ tí ẹnì kan mẹ́nu bà jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé adìmú fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn kan ni ó ń dá a padà, bí wọn kò bá sì sí lẹ́nu iṣẹ́, inú ni yóò wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí ń dá a padà, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ kan tún ti sọnù. Ibi tí àwọn àpò kékeré tí ó wọlé ti ń kó ẹrù wọn jọ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní endosome. Àpò inú ni arákùnrin wa kọ, èyí tí kò yà á sọ́tọ̀ lára àìmọye àpò mìíràn tí ó kún inú sẹ́ẹ̀lì. Mo dábàá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí ó ṣì dúró ní àdúgbò Ọjà Ọba níhìn-ín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò ń kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí yóò wọ yàrá, ẹni tí yóò dúró díẹ̀, àti ẹni tí yóò yí padà lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí endosome ń ṣe nìyẹn gan-an. Rab5 ni ó ń ṣe àkóso ọ̀dẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́. Níbẹ̀, prótéènì tí ń jẹ́ SNX17 ń gbá ìrù β1 mú, kò sì jẹ́ kí a darí rẹ̀ sí ibi ìparun. Bí α5β1 bá sì wọlé tòun ti fibronectin tí ó dì mú, a lè fi àmì ubiquitin sí i lára, àmì náà yóò sì mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí Rab7 wà, lọ sí lysosome, ìyẹn àpò tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pa nǹkan run. Mo fara mọ́ àpò ìjẹrun tí arákùnrin wa lò fún lysosome.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà ìdápadà méjì ni ìwé náà ṣàlàyé. Ọ̀kan yára, Rab4 ni ó ń darí rẹ̀, tààrà ni ó sì ń padà sójú. Èkejì ń kọ́kọ́ lọ sí ìtòsí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì kí ó tó padà, Rab11 ni ó wà nídìí rẹ̀. Ìdápadà kúkúrú àti ìdápadà gígùn ni ẹ kọ. N kò ní ìjà bá wọn, àmọ́ Yorùbá tí ń rìn lójú ọ̀nà ní àbùjá fún èkínní, ọ̀nà àyípo sì yé gbogbo ènìyàn fún èkejì. Jim Norman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2001 pé bí a bá fún àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní èròjà ìdàgbàsókè tí ń jẹ́ PDGF, àbùjá Rab4 ni αvβ3 ń gbà padà sójú kíákíá. Bí ẹ bá ka gbólóhùn yìí sókè, ẹ ó gbọ́ pé àbùjá kò ṣe àjèjì níbẹ̀ rárá.

Ohun kan wà tí ó lè dá wa láàmú nínú orúkọ àpò ìjẹrun. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan tí Rab25 pọ̀ nínú wọn, integrin tí ó ti nà tí ó sì di nǹkan mú a máa dé àpò ìjẹrun, síbẹ̀ prótéènì kan tí ń jẹ́ CLIC3 a máa dá a padà láti ibẹ̀ sí ìdí sẹ́ẹ̀lì náà. Ohun tí a retí pé kí ó run kò run. Màmá wa béèrè bóyá kí á tìtorí èyí yí orúkọ padà. Èrò mi ni pé kí á fi í sílẹ̀, nítorí ìparun ni iṣẹ́ àpò náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, kí á sì fi gbólóhùn kíkún sọ ti CLIC3. Iṣẹ́ gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ orúkọ.

Ìrìnnà ni ó kù. Èyí ni mo gbà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fún gbogbo ìrìn nǹkan láti ibì kan sí ibì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, mo sì dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wo trafficking tí òyìnbó ń pe ìrìn yìí kí ó sì dábàá òwò, nítorí pé nínú ìròyìn wa, ọmọ ènìyàn ni a ń fi ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìyípo adìmú láàárín ojú sẹ́ẹ̀lì àti inú rẹ̀, àlọ àti àbọ̀ ni ó wù mí. Arákùnrin wa béèrè ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ nípa rẹ̀: ènìyàn kì í bọ̀ àfi sí ilé, níbo wá ni ilé adìmú, ṣé inú tí a ti ṣe é ni, tàbí ojú tí ó ti ń ṣiṣẹ́? Mo rò pé ojú ni. Inú ni a ti bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é kò sí níbòmíràn ju ojú lọ, ibẹ̀ sì ni a ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn padà sí. Nítorí náà, ìwọlé ni àlọ, ìdápadà ni àbọ̀. Kí á má sì fi ìrìn kún orúkọ adìmú fúnra rẹ̀, bí ẹni tí ó dábàá adìmú arìnrìn-àjò ti fẹ́. Nígbà tí Mark Bretscher yẹ oríṣi mélòó kan wò ní ọdún 1992, ó rí i pé α5β1 àti α6β4 ń yí po, ṣùgbọ́n nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó lò, α3β1 àti α4β1 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrìn jẹ́ ohun tí adìmú kan ń ṣe ní àyè kan. Kò jẹ́ ara ohun tí ó sọ ọ́ di adìmú.

Màmá nọ́ọ̀sì kan tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní ìlú yìí bá mi ka ìtumọ̀ náà, wọ́n sì tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ tí kò pé ti lè ṣi òbí lọ́nà. Àìsàn àbínibí kan wà, tí ó jẹ́ pé apilẹ̀ àbùdá β2 ni ó bàjẹ́. Ìwọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó já, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jinná, kòkòrò àrùn a sì máa bá a jà léraléra láìjẹ́ pé ojú ọgbẹ́ gba ọyún, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kò lè di ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ mú kí wọ́n fi jáde lọ síbi tí ogun wà. Bákan náà ni àìsàn tí Eduard Glanzmann ṣàpèjúwe ní ọdún 1918, nínú èyí tí αIIbβ3 kò sí tàbí kò ṣiṣẹ́ lára àwọn amẹ́jẹ̀dì, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì fi tètè dá. Nínú méjèèjì, adìmú fúnra rẹ̀ ni ó bàjẹ́, kì í ṣe àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ìwé wa gbọ́dọ̀ sọ èyí kedere, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìdápadà ni a ó tún ṣe tí ọmọ yóò fi gbádùn.

Ọ̀rọ̀ tí màmá nọ́ọ̀sì sọ yìí náà ni ó jẹ́ kí n rí i pé a nílò orúkọ kan sí i. Àwọn amẹ́jẹ̀dì ní αIIbβ3 mìíràn nínú àpò ìpamọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń mú wá sójú bí ara bá fara gbọgbẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ní P-selectin ní ìpamọ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì lè mú un wá sójú. Nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, P-selectin yìí wà lára ohun tí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì di ògiri iṣan mú, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ráàyè kọjá, tí ìrora sì ń dé. Ìjáde yìí kì í ṣe ìkójáde, nítorí pé adìmú náà ti ṣe tán tipẹ́; kì í sì í ṣe ìdápadà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyọjáde ni mo dábàá, nítorí pé ohun tí a fi pamọ́ sínú àpò, yíyọ ni a ń yọ ọ́.

Ẹnì kan sọ pé a ti ń ṣe ju bí ó ti yẹ lọ, pé àwọn tí ó ṣáájú wa kò ṣe wàhálà tó báyìí. N kò gbà. Nígbà iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa ṣáájú rẹ̀ ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọ́n sì ní láti wá orúkọ fún ohun gbogbo tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 jẹ́ iṣẹ́ ńlá, àmọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Inú sẹ́ẹ̀lì ṣì ń retí tiwa.

Ìpínrọ̀ tí mo fi dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò nìyí, ẹ bá mi kà á sókè: "Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń rìn, ó gbọ́dọ̀ di ilẹ̀ mú níwájú, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn adìmú tí ó ti jọ̀wọ́ wọlé nípa ìkówọlé, wọ́n sì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn lọ sí àpò ìjẹrun. Èyí tí ó pọ̀ jù ni a dá padà sójú, àwọn kan gba àbùjá, àwọn kan gba ọ̀nà àyípo. Ìkójáde àwọn tuntun sì ń dí àlàfo àwọn tí ó run." Mo ka èyí náà sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ohun tí ọmọbìnrin tí ó béèrè nípa bíbì bi mí lọ́tẹ̀ yìí ni ohun tí ó ń pinnu ẹni tí yóò gba àbùjá àti ẹni tí yóò gba ọ̀nà àyípo. Ìbéèrè sáyẹ́ǹsì ni, kì í ṣe ìbéèrè èdè mọ́.

Kí á fi clathrin, dynamin, talin àti àwọn Rab sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ wọ́n lágbàáyé, nítorí pé ẹni tí yóò wá wọn nínú ìwé mìíràn kò ní rí wọn bí a bá pa orúkọ wọn dà. Fún ibi tí ọ̀pọ̀ adìmú ti ń kóra jọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di ilẹ̀ mú, arákùnrin wa kọ ojúkò ìlẹ̀mọ́. Bí ẹ bá gba adìmú, ojúkò ìdìmú ni yóò dà. Mo ti tún orí kìíní àti orí kejì kọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, màá sì fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bẹ màmá wa ní Abẹ́òkúta kí wọ́n bá wa yẹ àmì ohùn wọn wò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, àgàgà ibi tí ìkójáde àti ìkówọlé bá ti wà nínú gbólóhùn kan náà.